Kí Ẹ Tó Lọ Ka Pépà Lókè Òkun: Àgbéyẹ̀wò Ìrìnàjò Onímọ̀

Lọ́dọọdún ni àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìwádìí ní Ìbàdàn, Ifẹ̀, Èkó, Àgọ́-Ìwòyè àti Adó-Èkìtì máa ń gba lẹ́tà pé àpérò kan lókè òkun ti gba àṣamọ̀ iṣẹ́ wọn wọlé. Ayọ̀ ńlá ni. Wọ́n á fi han ọ̀gá, wọ́n á fi han ìyàwó tàbí ọkọ, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í múra bí wọ́n ṣe máa ka pépà náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó gba irú lẹ́tà yìí ló ń dé ibi àpérò, kì í sì í sábà jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kò dára. Pásípọ́ọ̀tù, físà, owó àti àkókò ló máa ń dá èèyàn dúró sílé. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àkókò ni agbára wa ká jù, òun náà la sì máa ń fi ṣòfò jù. Ọjọ́ tí ẹ fi àṣamọ̀ ránṣẹ́ ni ìrìnàjò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á kí ẹ tó gbéra.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé ọ̀nà yìí kò tẹ́jú bákan náà fún gbogbo èèyàn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, wọ́n ṣe àpérò kan lórí ọrọ̀ ajé àti ìdàgbàsókè Áfíríkà ní Yunifásítì Southern California ní Los Angeles. Àwọn aṣojú tó yẹ kó ti Áfíríkà wá kò rí físà gbà, àwọn tó kù sì jókòó sọ̀rọ̀ Áfíríkà láìsí wọn níbẹ̀. Ní ọdún 2018, NeurIPS, ọ̀kan nínú àwọn àpérò tó tóbi jù lágbàáyé lórí ọpọlọ àtọwọ́dá, wáyé ní Montreal ní Kánádà. Ẹgbẹ́ Black in AI, tí Timnit Gebru wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ké gbàjarè pé ọ̀pọ̀ àwọn oníwàádìí tí àwọn pè wá ni wọn kò fún ní físà. Ìlú Montreal yìí kan náà ni àpérò àgbáyé lórí àrùn AIDS ti wáyé ní ọdún 2022, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ní Áfíríkà fi jókòó sílé nítorí físà. Kódà, Winnie Byanyima, ọ̀gá àgbà UNAIDS, kéde síta pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí òun wọ bàálù ní Geneva.

Ní Ìlú Ọba ńkọ́? Ẹgbẹ́ àwọn aṣòfin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ Áfíríkà níbẹ̀ gbé ìròyìn jáde ní oṣù Keje ọdún 2019. Wọ́n rí i pé láàárín oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ìbéèrè físà tó ti Áfíríkà wá ni wọ́n kọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ti ibòmíràn kò tó ìdajì ìyẹn.

Mo ń ka gbogbo èyí sílẹ̀ kí ẹni tí wọ́n bá kọ ìbéèrè rẹ̀ má baà gbà pé òun ni kò tó. Àìdọ́gba wà nínú ètò náà, ó sì yẹ ká máa sọ ọ́ síta. Bí a ti ń sọ ọ́, ẹ jẹ́ ká máa tún ìwé tiwa ṣe, nítorí ìwé tó bá lábùkù ló rọrùn jù fún òṣìṣẹ́ físà láti kọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó ná kọ́bọ̀, kó rí i dájú pé àpérò tó fẹ́ lọ níyì. Ìmeèlì ìpè pọ̀ tó ń wọlé sọ́dọ̀ wa lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti àwọn oníṣòwò tó ń wá owó ìforúkọsílẹ̀ nìkan. Iléeṣẹ́ OMICS, tó ń tẹ jọ́nà tó sì ń ṣe àpérò láti Hyderabad ní Íńdíà, ni àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà gbé lọ sílé ẹjọ́ ní ọdún 2016. Lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó ń fi orúkọ àwọn onímọ̀ ńlá polówó àpérò rẹ̀ nígbà tí àwọn onímọ̀ náà kò sọ pé àwọn ń bọ̀. Ní ọdún 2019, adájọ́ ní kí iléeṣẹ́ náà san owó tó lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là. Àpérò tó bá kó ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìṣègùn, òfin àti ẹ̀kọ́ èdè pọ̀ sójú kan, tó sì gba àṣamọ̀ yín láàárín ọjọ́ méjì, ẹ fura sí i. Ẹ wá ètò tọdún tó kọjá, kí ẹ wo orúkọ àwọn tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé sí ọ̀kan nínú wọn. Àpérò tí ẹgbẹ́ onímọ̀ tó ti pẹ́ ń ṣe ló fini lọ́kàn balẹ̀ jù. Ẹgbẹ́ African Studies Association ti Amẹ́ríkà ti wà láti ọdún 1957. ECAS, tí í ṣe àpérò àwọn onímọ̀ nípa Áfíríkà ní Yúróòpù, máa ń wáyé lọ́dún méjì-méjì. Prague ni wọ́n ti ṣe é ní ọdún 2025.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn. Fún olùkọ́ ní yunifásítì ìjọba, àjọ TETFund ní owó tó wà fún lílọ sí àpérò, ọwọ́ yunifásítì ló sì ń gbà kọjá. Ọ̀nà náà gùn, láti ẹ̀ka dé fákọ́tì, láti fákọ́tì dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀. Bí ẹ kò bá tètè bẹ̀rẹ̀, àpérò á ti parí kí ìwé yín tó kúrò lórí tábìlì ẹnì kan. Ẹ bi àwọn tó ń ṣètò àpérò bóyá wọ́n ní owó ìrànwọ́ fún àwọn tó ń ti Áfíríkà bọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ńlá ló ní in, àmọ́ wọ́n sábà máa ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ kí ti ìforúkọsílẹ̀ tó tì. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn bèèrè. Àwọn ọ̀dọ́mọdé onímọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń bèèrè láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà, ìṣirò tí ẹ bá ṣe ní oṣù Kìíní lè má bá ti oṣù Kẹfà mu mọ́. Ẹ ṣe ìṣirò yín ní dọ́là tàbí ní yúrò, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún àfikún. Òfin báǹkì àpapọ̀ gba arìnrìnàjò láàyè láti ra dọ́là lọ́wọ́ báǹkì rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta-mẹ́ta: 4,000 dọ́là fún ìrìnàjò ara ẹni, 5,000 fún ìrìnàjò iṣẹ́. Físà àti tíkẹ́ẹ̀tì ni báǹkì máa kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ yín, nítorí náà owó yìí kì í sábà wà lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ san owó ìforúkọsílẹ̀. Ẹ bi báǹkì yín ní iye tí káàdì náírà lè ná lóde, kí ẹ sì dán an wò kí ẹ tó kúrò nílé. Káàdì kan ṣoṣo kò tó. Òtẹ́ẹ̀lì máa ń di iye kan mú lórí káàdì àlejò títí tó fi máa jáde, ìyẹn nìkan sì lè sọ owó oúnjẹ yín di èyí tí ọwọ́ yín kò tó mọ́.

Lórí pásípọ́ọ̀tù, mo fẹ́ dúró díẹ̀. Ti Nàìjíríà pín sí oríṣi méjì: olójú-ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún, àti olójú-ewé 64 tó ń lo ọdún mẹ́wàá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, àkọ́kọ́ ti di 100,000 náírà, èkejì ti di 200,000. Àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ní Yúróòpù ń fẹ́ kí pásípọ́ọ̀tù ṣì lo ó kéré tán oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò lọ́dọ̀ wọn, kó má tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ tí wọ́n ti ṣe é, kí ojú-ewé méjì sì ṣófo nínú rẹ̀. Ibòmíràn ń bèèrè oṣù mẹ́fà. Fún ẹni tí tirẹ̀ kò ní ju oṣù mẹ́jọ lọ mọ́, kó tún un gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan mìíràn.

Orúkọ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù fún àwa Yorùbá. Orúkọ pọ̀ lọ́rùn wa. Obìnrin kan lè máa fi orúkọ bàbá rẹ̀ tẹ ìwé jáde, kí orúkọ ọkọ rẹ̀ wà nínú pásípọ́ọ̀tù, kí báǹkì sì so méjèèjì pọ̀. Ẹlòmíràn jẹ́ Oluwaseun nínú ìwé ẹ̀rí, ó jẹ́ Seun nínú lẹ́tà tí ọ̀gá ẹ̀ka kọ, ó sì jẹ́ Samuel nínú pásípọ́ọ̀tù nítorí pé orúkọ ìsàmì ni ẹni tó gba fọ́ọ̀mù sílẹ̀ fi síwájú. Lójú tiwa, ẹnì kan náà ni. Lójú òṣìṣẹ́ tó ń wo ìwé ní ẹ́ḿbásì, tí kò gbọ́ Yorùbá, ẹni mẹ́ta ni. Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ fún àpérò, ẹ ṣí pásípọ́ọ̀tù yín síwájú, kí ẹ da orúkọ tó wà níbẹ̀ kọ, lẹ́tà sí lẹ́tà, bí wọ́n ṣe tò ó. Orúkọ yìí gan-an ni kí wọ́n kọ sínú lẹ́tà ìpè, sínú tíkẹ́ẹ̀tì, sínú ìwé adójútòfò àti ti òtẹ́ẹ̀lì. Bí ìwé yunifásítì bá yàtọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ òmíràn, tàbí kí ẹ ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù. Ìwé ìgbéyàwó ni kí obìnrin tó yí orúkọ padà mú dání. Àmì ohùn àti ẹsẹ̀ abẹ́ lẹ́tà kò sí nínú pásípọ́ọ̀tù wa, ẹ má kọ wọ́n sórí fọ́ọ̀mù físà. Orí ètò àpérò àti báàjì tí ẹ máa fi kọ́rùn ni ipò wọn, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti ní kí wọ́n kọ orúkọ yín bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́.

Ó wá kan físà fúnra rẹ̀. Orílẹ̀-èdè 29 ló wà nínú ètò Schengen báyìí, físà kan ṣoṣo sì tó láti wọ gbogbo wọn fún 90 ọjọ́ nínú 180. Ọ̀dọ̀ orílẹ̀-èdè tí ẹ ti máa lo ọjọ́ tó pọ̀ jù ni ẹ ti máa bèèrè rẹ̀. Bí iye ọjọ́ bá dọ́gba, ọ̀dọ̀ èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀ ni. Ẹni tó ń lọ sí Prague kò gbọdọ̀ lọ gba físà ní ọ̀dọ̀ Faransé nítorí pé ó gbọ́ pé ti Faransé yá. Ẹ lè bèèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò, ó sì gbọdọ̀ ku 15 ọjọ́ ó kéré tán. Ọjọ́ 15 ni wọ́n ní kí ìdáhùn gbà, ṣùgbọ́n òfin jẹ́ kó lè dé 45. Owó rẹ̀ kúrò ní 80 yúrò, ó di 90, ní oṣù Kẹfà ọdún 2024. Ìwé adójútòfò ìlera tó tó 30,000 yúrò pọn dandan. Gbogbo èyí wà nínú òfin, ẹnikẹ́ni lè kà á. Ohun tí kò sí nínú òfin ni pé àyè láti lọ fi ìwé sílẹ̀ kì í tètè ṣófo lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn Yúróòpù, nígbà tí àpérò pọ̀ jù. Ẹni tó bá ní àpérò ní oṣù Kẹfà, kó ti máa wá àyè yìí ní oṣù Kìíní.

Ti Ìlú Ọba rọrùn díẹ̀ láti lóye. Físà àlejò ni, ó sì gba èèyàn láàyè láti lọ sí àpérò. Owó rẹ̀ di 127 pọ́n-ùn ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ẹ sì lè bèèrè rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta ṣáájú ìrìnàjò. Kánádà ń gba 100 dọ́là tiwọn àti 85 fún ìtẹ̀ka.

Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yí padà jù. Ọdún pípẹ́ ni onímọ̀ ti ń kọ fọ́ọ̀mù DS-160, tó ń san owó, tó ti di 185 dọ́là láti ọdún 2023, tó ń lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Èkó tàbí Àbújá, tó sì lè gba físà tó máa lò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ní oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n sọ ti ọmọ Nàìjíríà di físà oṣù mẹ́ta, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún náà, ààrẹ Amẹ́ríkà kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, òun dá físà àlejò dúró fún ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ orílẹ̀-èdè Benin, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Ti Togo ti ṣáájú ní oṣù Kẹfà ọdún 2025. Irú àṣẹ báyìí lè yí padà nígbàkigbà. Kí ẹ tó san owó ìforúkọsílẹ̀ àpérò Amẹ́ríkà, ẹ wo ohun tí ẹ́ḿbásì wọn sọ lọ́sẹ̀ náà gan-an, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣe àpérò bóyá ẹ lè ka pépà yín láti ilé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Kí ni òṣìṣẹ́ físà ń wá gan-an? Ó fẹ́ mọ̀ pé ẹ máa padà wálé. Òfin Amẹ́ríkà tiẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé kí wọ́n ka ẹni tó wá bèèrè físà àlejò sí ẹni tó fẹ́ lọ jókòó sọ́hùn-ún, títí tí òun fúnra rẹ̀ á fi jẹ́ kí wọ́n gbà pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé tó ń sọ̀rọ̀ ilé ni kí ẹ kó lọ: lẹ́tà yunifásítì tó sọ ipò yín, iye ọdún tí ẹ ti lò lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n fún yín láàyè láti lọ àti ọjọ́ tí wọ́n ń retí yín padà, àkọsílẹ̀ owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde ní báǹkì, ìwé ẹbí, ìwé ilé tàbí ilẹ̀ bí ẹ bá ní in. Lẹ́tà ìpè gbọ́dọ̀ sọ àkọlé pépà yín, ọjọ́ àti ibi àpérò, àti ẹni tó ń san kí ni. Bí yunifásítì bá ń san tíkẹ́ẹ̀tì, kí àpérò máa san òtẹ́ẹ̀lì, kí ẹ̀yin máa san ìyókù, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí iye rẹ̀ sì bára mu nínú gbogbo ìwé.

Owó ńlá tó bá ṣàdédé wọ àkáǹtì ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú máa ń fa ìbéèrè. Bó bá jẹ́ owó àjẹmọ́nú tàbí owó àjọ tí ẹ kó, ẹ fi ìwé gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ìwé ayédèrú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí aṣojú físà náà fi dá yín lójú tó. Ní Ìlú Ọba, ẹni tí wọ́n bá rí i pé ó purọ́ tàbí kó ìwé ayédèrú wá lè wà lábẹ́ ìfòfindè fún ọdún mẹ́wàá. Fún onímọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde bọ̀, ọdún mẹ́wàá ni àkókò tó yẹ kó fi mọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri ayé.

Bí wọ́n bá kọ̀ yín, ẹ ka ìdí rẹ̀ dáadáa. Ní Schengen, fọ́ọ̀mù kan ló wà tí wọ́n máa ń fi àmì sí ìdí lára rẹ̀, òfin sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní orílẹ̀-èdè tó kọ̀ yín. Ó ń gba àkókò, àpérò lè kọjá, ṣùgbọ́n ó máa ń wúlò fún ìgbà mìíràn. Fún físà àlejò Ìlú Ọba àti ti Amẹ́ríkà, kí ẹ tún bèèrè ni ọ̀nà tó wà, ó sì yẹ kí ẹ ti tún ohun tí wọ́n sọ pé kò dára ṣe kí ẹ tó padà lọ. Ẹ má fi pamọ́ pé wọ́n ti kọ̀ yín rí. Fọ́ọ̀mù á bi yín, irọ́ níbẹ̀ sì burú ju kíkọ̀ náà lọ. Kí ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ṣe àpérò lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n dá owó ìforúkọsílẹ̀ padà tàbí kí wọ́n jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ láti ilé. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ̀ yín láti ra tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣeé dá padà, tàbí kí ẹ kàn fi àyè pamọ́ sórí bàálù títí físà á fi dé.

Ọ̀rọ̀ ibi tí bàálù á gbà kọjá wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ títí wọ́n á fi dé pápákọ̀ òfuurufú. Tíkẹ́ẹ̀tì tó rọrùn jù lè gba London tàbí Frankfurt kọjá, ọmọ Nàìjíríà sì nílò físà ìkọjá ní Ìlú Ọba, kódà bí kò bá ní kúrò nínú pápákọ̀. Nàìjíríà tún wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Schengen ń bi léèrè físà ìkọjá pápákọ̀, àwọn ará Ghánà náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ní físà Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Japan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ló sábà máa ń bọ́ nínú ti Schengen. Ní Amẹ́ríkà, kò sí ìkọjá láìwọlé rárá: ẹni tó ń lọ sí Mexico gba Houston gbọ́dọ̀ ní físà Amẹ́ríkà. Addis Ababa, Istanbul àti Doha ni ọ̀nà tó rọrùn jù fún ẹni tó ń ti Èkó gbéra láìní irú físà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi wákàtí mẹ́ta ó kéré tán sáàárín bàálù kan àti èkejì, kí gbogbo rẹ̀ sì wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, nítorí bí ti àkọ́kọ́ bá pẹ́, iléeṣẹ́ bàálù ló ni wàhálà náà.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, bẹ́ẹ̀ náà ni ìlera. Ẹni tó ń lọ sí South Africa gbọ́dọ̀ ní káàdì ibà pọ́njúpọ́ntọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2012, orílẹ̀-èdè náà dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà láti pápákọ̀ Johannesburg nítorí káàdì yìí, Nàìjíríà náà sì dá àwọn ọmọ wọn padà. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá lára kó tó ṣiṣẹ́ lójú òfin, láti ọdún 2016 sì ni ìwé rẹ̀ ti di ti gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Oògùn tí ẹ ń lò, ẹ jẹ́ kó wà nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà, nínú báàgì ọwọ́. Páwà báǹkì kò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù abẹ́ bàálù. Ọwọ́ ni wọ́n ń gbé e, kó má sì ju 100 wọ́ọ̀tì-wákàtí lọ. Pépà yín àti aṣọ ọjọ́ kan, inú báàgì ọwọ́ ni kí wọ́n wà, torí ẹrù lè pẹ́ dé ju ẹni tó ni ín lọ.

Gàrí, èlùbọ́ àti ata gígún tí a dì dáadáa kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kéde wọn bí fọ́ọ̀mù bá bèèrè. Kìlíṣí, pọ̀nmọ́ àti ẹran ìgbẹ́, ilé ni kí wọ́n wà. Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kì í gbà wọ́n wọlé. Ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù tí ẹ kò fojú ara yín rí bí wọ́n ṣe dì í. Bó jẹ́ àbúrò ìyàwó yín, bó jẹ́ pásítọ̀, bó jẹ́ ẹni tó ní kẹ́ ẹ bá òun mú ìgò àgbo kan lọ fún ọmọ òun, ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ̀ fún un. Ẹni tí ẹrù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni òfin mọ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá dé, ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Nílé, a máa ń kí alága, a ń kí àwọn àgbà tó wà níjokòó, a ń tọrọ gáfárà, ìṣẹ́jú mẹ́ta á sì ti lọ. Lọ́hùn-ún, alága á kàn na káàdì sókè pé àkókò ti tán, kódà bó jẹ́ pé ibi tó dùn jù nínú iṣẹ́ yín lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan dúpẹ́, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí nínú ìwádìí yín láàárín ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, kí ẹ tó ṣàlàyé bí ẹ ṣe rí i. Kí ẹ ti kà á sókè nílé pẹ̀lú aago. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú fóònù, sínú fláàṣì, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ìmeèlì ara yín.

Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni mo rò pé ó ń gba èrè àpérò lọ́wọ́ wa jù. Lọ́dọ̀ wa, akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣàdédé lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò mọ̀ rí. Ẹnì kan ló máa mú un lọ. Bí ẹ bá ń dúró de ẹni tó máa mú yín lọ ní Prague tàbí Toronto, àpérò á tú. Ẹ lọ bá a nígbà tí wọ́n bá ń mu tíì, ẹ dárúkọ ara yín, ẹ sọ ohun tí ẹ kà nínú ìwé rẹ̀ àti ìbéèrè tó kù sí yín lọ́kàn. Bó bá ní kí ẹ máa pe òun ní orúkọ àbísọ òun, kò dán yín wò, àṣà wọn ni. Ibi oúnjẹ ni àwọn ènìyàn ti ń rí ẹni tí wọ́n máa jọ kọ̀wé, kì í ṣe yàrá tí wọ́n ti ń ka pépà. Bí ẹ bá padà dé, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹ kọ ìmeèlì sí gbogbo ẹni tí ẹ gba káàdì rẹ̀.

Ó yẹ ká béèrè bóyá òkè òkun nìkan ni àpérò àgbáyé wà. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 ló jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà lè dé Cotonou, Lomé àti Accra fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Rwanda kéde pé ọmọ Áfíríkà kankan kò ní san owó físà lọ́dọ̀ òun mọ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni ICLR, tó wà lára àwọn àpérò ńlá lórí ọpọlọ àtọwọ́dá, wáyé ní Kigali, lẹ́yìn tí àrùn Kòrónà ti gba ti ọdún 2020, tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Addis Ababa, lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àpérò Lagos Studies Association ń kó àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù wá sí Èkó. Nínú ìmọ̀ àṣà tiwa gan-an, Ilé-Ifẹ̀ ni àpérò àgbáyé lórí ìṣẹ̀ṣe àti àṣà òrìṣà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1981, kó tó lọ sí Salvador ní Bahia ní ọdún 1983, tí àwọn ará Brazil sì gba ará ilé wọn lálejò. Lójú tèmi, onímọ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò láti fi owó oṣù mẹ́wàá lọ ka pépà ìṣẹ́jú 15 ní ìlú tí wọn kò fẹ́ fún un ní físà, nígbà tí àpérò tó dára wà ní Accra.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò àpérò lágbàáyé, ẹ gba àṣamọ̀ ní oṣù mẹ́jọ ṣáájú, ẹ fi lẹ́tà ìpè ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tí ẹ bá gbà á, ẹ dá owó padà fún ẹni tí wọ́n bá kọ̀ ní físà, kí ẹ sì wo ibi tí gbogbo ènìyàn lè dé kí ẹ tó yan ìlú. Ẹ̀yin alákòóso yunifásítì wa, ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà ìyọ̀ǹda pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lórí tábìlì. Ẹni tó bá sì ń retí àpérò ní ọdún tó ń bọ̀, kó gbé pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ jáde lónìí, kó wo ọjọ́ tó máa parí.